Àgùàlà Kì Í Ṣe Ajá Oṣù

Serifat kò tíì jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọkọ mi.

"Ìyá Ẹwà, ẹ bá mi sọ fún Tíṣà o! Ẹ sọ fún wọn pé Serifat ní wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ létí ọ̀sà."

Àárọ̀ Sátidé ni. Ó ti gbé agbọ̀n ẹja yíyan rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi ní Ladi-Lak, ó ń tú ìwé ìròyìn kan jáde láti inú ìró. Ìwé náà ń run èéfín. Ohun gbogbo tó bá ti kan Serifat ní í máa run èéfín, nítorí ẹja ló ń yan tà ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Bàrígà, láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọkọ mi ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ní kíláàsì àwọn àgbà tó ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Serifat ti lé lógójì ọdún. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ kan tó kọjá kó má ra Ojúlé Wa, ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ṣómólú. Ojú ìwé kẹfà ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti ń kọ ohun tí ènìyàn lè rí lójú ọ̀run lọ́sẹ̀ náà, lábẹ́ àkọlé "Ẹ Gbójú Sókè".

Mo sọ pé ó ń kọ. Ọkọ mi ti kú. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, nígbà tí a lọ kí àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ la sin ín sí, ibẹ̀ ni mo sì jókòó sí fún oṣù méje. Túsìdè tó kọjá ni mo padà sí Bàrígà. Mo ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ kí n tó wọkọ̀. Kò sí ohun kan lára mi tó lè sọ ọ́ fún Serifat.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí." Ó ń fi ìka na ìwé náà bí ẹni ń na ọmọ. "'Ní ìdájí, ẹ dúró létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, kí ẹ kọjú sí afárá. Ẹ ó rí ajá oṣù tí ń tàn bí àtùpà lórí omi. Oṣù fúnra rẹ̀ yóò wà lókè orí yín, ìdajì rẹ̀ ni ẹ ó rí.' Mo jí gbogbo ilé! Mo jí Waliyat ọmọ mi àtàwọn ọmọ rẹ̀. Mo jí àyálégbé. A tò sétí omi bí ẹni ń dúró de ọkọ̀. Kò sí ajá, kò sí oṣù, ẹ̀fọn nìkan ló wá pàdé wa."

"Serifat..."

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Àwọn apẹja fi wá rẹ́rìn-ín. Lazarus ní, 'Ìyá, ta ló sọ fún yín pé ó wà níbí? Ó ti di ará ìrọ̀lẹ́ láti bí oṣù mélòó kan. Ẹ sọ fún Tíṣà yín kí wọ́n lọ ra awò ojú.' Lazarus o! Ọmọ tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì!" Ó mí kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Ara wọn le ṣá? Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ rìnrìn àjò, ọkàn mi ì bá dàrú, ṣùgbọ́n mo ń rí wọn nínú ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní, Tíṣà ń bẹ. Ẹ bá mi kí wọn. Ìjà mi ò dé inú."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo gba ìkíni náà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní kí n bá òun kí i. Serifat fi ẹja méjì sílẹ̀ fún "wọn", ó fi ìwé náà sílẹ̀ pẹ̀lú, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Mo ṣí ojú ìwé kẹfà. Àwòrán ọkọ mi wà níbẹ̀, èyí tó fi kóòtù aláwọ̀ eérú yà. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀: Ọmọ́wálé Adéòtí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìpolówó oníṣòwò awò ojú kan ní Palmgrove wà: "Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ríran dé ọ̀run, ẹ yà sọ́dọ̀ wa." Mo ka ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá ni ọkọ mi kọ ọ́, lórí tábìlì tí mo fi ìgbọ̀nwọ́ lé yìí, èmi ni mo sì fi báírò pupa yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún tó kọjá, òótọ́ ni. Àgùàlà, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ, wà lórí ọ̀sà ní ìdájí nígbà náà. Lọ́dún yìí, ó ti kọjá sí ìwọ̀-oòrùn, ẹni tó bá fẹ́ rí i á dúró di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Bọ́dúndé, olóòtú ìwé ìròyìn náà, kàn bu ọ̀rọ̀ òkú jáde, ó fi déètì tuntun lé e lórí, ó sì tà á fún Serifat.

Bóyá ǹ bá fara dà á. Wọ́n ti jí nǹkan wa rí. Ṣùgbọ́n mo tún rí ọ̀rọ̀ kan.

Ajá oṣù.

Ọkọ mi kò kọ ajá oṣù rí láyé rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi kọ "Ẹ Gbójú Sókè", Àgùàlà ló sì ń pè é láti ọjọ́ kìíní. Ẹ mọ òwe náà: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ó máa ń sọ pé àwọn àgbà pa òwe yẹn láti fi bú ẹni tó ṣìnà ni, àwa wá sọ àṣìṣe ọ̀hún di orúkọ. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin ilé ìtẹ̀wé fún mi ní ìnagijẹ yẹn, Ajá Oṣù, torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń tọ̀ wọlé pẹ̀lú báàgì ìwé rẹ̀, ó gbọ́. Kò pariwo. Ó kó wọn jáde sí àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó nàka sókè. "Ẹ wò ó dáadáa," ó ní. "Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé òun ló ń ṣáájú. Ẹni tó ń bá ọ rìn kì í ṣe ajá rẹ." Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀.

Wọ́n wá fi orúkọ náà sí i lẹ́nu nígbà tí kò lè ya ẹnu mọ́.

Ilé ìtẹ̀wé kò ṣí títí di Mọ́ńdè. Èmi náà kò sùn dáadáa títí di Mọ́ńdè.

Nígbà tí mo dé Ṣómólú, ẹ̀rọ ń lù, ilẹ̀ ń gbọ̀n bó ti máa ń gbọ̀n, òórùn yíǹkì gba imú mi. Bọ́dúndé wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ti lé lógójì ọdún, ó ti sanra. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ibi tí àmì ń jókòó sí lórí ọ̀rọ̀, nígbà tó ṣì ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, bí ọkùnrin tí ṣòkòtò rẹ̀ fún.

"Ẹ káàbọ̀, Mummy! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Mo tẹ́ ìwé ìròyìn náà síwájú rẹ̀. "Ta ló kọ èyí?"

"Tíṣà ni, Ma."

"Ìgbà wo?"

Ó wo ojú fèrèsé. "Ẹ jókòó ná, Ma. Mùíz! Ra nǹkan tútù wá fún Mummy."

Mùíz ni ẹni tó ń darí ẹ̀rọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti dúdú fún yíǹkì. Kò lọ.

"Mi ò fẹ́ nǹkan tútù. Ìgbà wo ni Tíṣà kọ ọ́, Bọ́dúndé?"

"Ma, à ń gbé orúkọ wọn ga ni. Kí iṣẹ́ wọn má baà parun."

"Ṣé o ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé ó kú?"

"Ikú kì í ta ìwé, Ma." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì nígbà tó rí ojú mi. "Ẹ gbọ́ mi yé. Oníṣòwò awò ojú yẹn, nítorí orúkọ Tíṣà ló ṣe ń polówó. Tó bá gbọ́ pé wọn ò sí mọ́, ojú ìwé yẹn á kú pẹ̀lú wọn."

"Àwọn ènìyàn dìde ní ìdájí Sátidé ní Ìlàjẹ nítorí ohun tí o tẹ̀. Wọ́n wòkè, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní òpùrọ́ ni ọkọ mi."

"Ma, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ta ló ń wòkè ní Èkó? Kùrukùru níbí, èéfín lọ́hùn-ún. Bóyá ènìyàn méjì ló wòkè, ó sì wá jẹ́ pé oníbàárà yín ni wọ́n."

"Ajá oṣù ń kọ́?"

Kò kọ́kọ́ mọ ohun tí mo ń wí. Ó ní láti tẹ̀ ba kó tó rí i nínú ìwé. "Ṣé èyí? Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nìyẹn, Ma. Àgùàlà ti le jù. Mo kàn mú un rọrùn ni."

Mi ò pariwo. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé ọmọbìnrin tó bá ń pariwo ti pàdánù ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo di etí tábìlì mú. Bọ́dúndé rò pé mo ti ń rọ̀, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Ẹ jẹ́ ká dọ́gbọ́n sí i, Ma. Gbogbo ohun tí Tíṣà kọ fún ọdún méjìlélógún ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí. Kò sí èyí tó sọnù. Ẹ kàn sọ fún mi èyí tí mo máa mú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má baà ṣàṣìṣe mọ́. Orúkọ wọn á máa jáde. Àwòrán wọn á máa jáde. Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin náà fẹ́ nìyẹn?"

Mo mọ ìdáhùn. Òǹkà kan péré ni: mẹ́jọ.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, Àgùàlà máa ń padà sí ojú ibi tó wà, ní ọ̀sẹ̀ kan náà, oṣù pàápàá á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a padà. Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn gbogbo ìwé rẹ̀. Bí Bọ́dúndé bá ti padà sí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn dípò ọdún kan, kò sí apẹja tí ì bá rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ òǹkà yẹn fún un, ọkọ mi á máa kọ̀wé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ohun tó bá kọ á sì jẹ́ òótọ́. Serifat á máa bá mi kí i. Á máa fi ẹja sílẹ̀ fún un. Yóò wà láàyè fún Serifat títí Serifat fúnra rẹ̀ yóò fi kú, èmi náà á sì máa jókòó ti orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú báírò pupa, bí ti àtijọ́.

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Nígbà náà ni ojú mi lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ó ti to ti Jímọ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ajá oṣù wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Mi ò mọ èyí tí o lè mú," mo ní. Wọ́n nà wá nítorí irọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Mo pa èyí láì ṣẹ́jú. "Kọ ọ́ pé ó kú. Ojú ibi tó ti ń kọ̀wé ni kí o kọ ọ́ sí."

"Ma, mi ò lè ṣe é."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ má bínú o." Ó ti sú u, ó ti yíjú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Tíṣà ló ni ojú ìwé yẹn. Ẹ̀yin, ṣebí ẹ̀ ń bá wọn gbé báàgì ni."

Mo dìde. Mùíz sáré tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì.

"Mummy, ẹ foríjì mí. Ọwọ́ mi yìí ló ń tẹ̀ ẹ́."

"Oṣù méje, Mùíz."

"Mo lọ́mọ, Mummy. Iṣẹ́ ò sí níta."

Àánú rẹ̀ kò ṣe mí lọ́jọ́ náà.

Mo yà sílé, mo mú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí ti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn nínú àpótí ọkọ mi, mo sì gba Ìlàjẹ lọ. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé. Serifat ń yí ẹja lórí ààrò, Lazarus jókòó sórí ọkọ̀ tó dojú dé, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ọ̀dọ́kùnrin tó ga ni, ó sì ń fi eyín rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó dé.

"Ẹ káalẹ́, Ìyàwó Tíṣà! Ṣé Tíṣà ti rí jígí rà?"

"Dìde, Lazarus," mo ní. "Serifat, fi ẹja yẹn sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ kẹ̀yìn sí ọ̀sà."

Ó ní láti jẹ́ pé ohùn mi ló ṣe é; wọ́n kẹ̀yìn sí ọ̀sà. Mo ṣí ìwé náà, mo sì kà á fún wọn bí ọkọ mi ṣe kọ ọ́: "'Lọ́sẹ̀ yìí, bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ kọjú síbi tó wọ̀ sí, ẹ wo òkè orí òrùlé níwájú yín. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí, tí kò ṣẹ́jú, Àgùàlà ni. Lọ́jọ́ kejì tí oṣù bá lé, oṣù yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun.'"

Oṣù Iléyá ti lé lálẹ́ àná. Gbogbo Ìlàjẹ ló rí i. Nísinsìnyí ó tún wà níbẹ̀, lókè àwọn páànù tó ti dípẹtà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, Àgùàlà sì jókòó tì í, ó mọ́lẹ̀ débi pé Lazarus fúnra rẹ̀ nàka sí i.

"Tíṣà!" Serifat pàtẹ́wọ́. "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo sọ pé wọn kì í purọ́! Ẹ bá mi kí wọn, ẹ sọ pé Serifat ní kí wọ́n má bínú."

"Mi ò lè bá ọ kí i, Serifat. Ó ti kú. Láti oṣù kẹwàá. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ló kọ ohun tí mo kà yìí. Èyí tí ẹ̀ ń kà ní ọjọ́ Jímọ̀, Bọ́dúndé ló ń hú u jáde, tó ń tà á fún yín."

Serifat kò sunkún. Ó wò mí, ó wo ẹja tó ti ń jóná lórí ààrò, kò yí i.

"Oṣù kẹwàá," ó ní. "Mo sì ń kí i. Mo ń fi ẹja ránṣẹ́ sí i." Ó nawọ́ sí Lazarus. "Fóònù rẹ. Nọ́ńbà wà lábẹ́ ìwé yẹn, pè é. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ síta."

Bọ́dúndé gbé e. "Ojúlé Wa nìyí, ẹ káalẹ́."

"Káalẹ́, ọmọ mi. Serifat ni, ará Ìlàjẹ. Tíṣà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

"Áà, Tíṣà ò sí nítòsí, Ma. Wọ́n rìnrìn àjò díẹ̀."

"Ṣé wọ́n á pẹ́?"

"Wọn ò ní pẹ́, Ma. Màá bá yín kí wọn."

"O ṣeun. Ìgbà wo lo rí wọn kẹ́yìn?"

"Àárọ̀ yìí la sọ̀rọ̀, Ma. Ara wọn le."

"Ṣé wọ́n ti jẹun?"

"Wọ́n ti jẹun, Ma."

"Kí ni wọ́n jẹ?"

"Ma?"

"Mo ní kí ni òkú jẹ láàárọ̀ yìí, Bọ́dúndé! Ìyàwó rẹ̀ ló dúró tì mí yìí. Ìwọ tí o ń bá òkú sọ̀rọ̀, gbọ́ ti alààyè: tí Jímọ̀ bá dé tí mi ò rí òótọ́ nínú ìwé yẹn, èmi àti gbogbo obìnrin tó ń yan ẹja létí omi yìí á gbé ààrò wa wá sẹ́nu ọ̀nà yín. Ibẹ̀ la ó ti máa yan án. O ní èéfín kì í jẹ́ ká wòkè? O ò tíì rí èéfín!"

Mi ò rántí pé mo sọ ọ̀rọ̀ èéfín yẹn fún un. Bóyá gbogbo ènìyàn tó ń gàn wá ló máa ń sọ ohun kan náà. Mo gba fóònù.

"Bọ́dúndé."

"Ma." Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọ tó ń gbálẹ̀.

"Mo máa kọ ọ́ lálẹ́ yìí. Orúkọ mi ló máa wà lórí rẹ̀. Mo fẹ́ rí i kí o tó tẹ̀ ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ma."

Mùíz ló mú ìwé náà wá fún àyẹ̀wò ní Wẹ́sìdè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi ní Ladi-Lak, kò wọlé, mi ò sì ní kó wọlé. Wọ́n ti yọ àwòrán kúrò. Orúkọ mi wà lókè: Morọ́láyọ̀ Adéòtí. Wọ́n fi Àgùàlà sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà.

Mo kọ ọ́ pé, "Ọmọ́wálé Adéòtí, tó ń kọ ojú ìwé yìí, kú ní oṣù kẹwàá." Bọ́dúndé ti yí i padà. Ó kọ ọ́ pé, "sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹwàá."

"Ọ̀gá ní èyí ló bọ̀wọ̀ fún wọn jù, Mummy," Mùíz sọ bẹ́ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Wọ́n ní a kì í sọ pé àgbà kú."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, fún ẹlòmíràn, èmi fúnra mi ì bá tún un ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tó bá sùn lè jí ní Jímọ̀ kó tún kọ̀wé," mo ní.

Mo ṣí báírò pupa. Mo fa ìlà gba àárín ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà, ó le débi pé ìwé náà ya, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, pẹ̀lú àmì rẹ̀ lórí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà: KÚ.